Ọwọ́ Òsì Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà

Ọjọ́ Ajé, 14 Òkítóbà, 2019. Ìfọ̀nyìntẹ̀dó.

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ni mo dojú ẹ̀yìn rẹ̀ kọ láti kọ eléyìí. Mi ò rí òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi n'Ílaró ti wà ní títì láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí Màmá pè mí pé Bọ̀ọ̀dá Bàrúwà, ẹ̀gbọ́n mi, ṣubú nídìí kọ̀ǹpútà, níbi tó ti ń ya àwòrán lọ́wọ́. Mo bá a lórí ẹní. Apá ọ̀tún ò mì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò mì, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rí mi, ó la ẹnu, kò sí ohùn.

Èmi ni mo pe Sàlímọ́tù ìyàwó wa. Ó ti lọ bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn, lódìkejì bọ́dà, ọ̀sẹ̀ méjì kí ìjọba tó tì í pa. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà. Obìnrin ni. Bọ̀ọ̀dá sọ ọ́ ní Ìbídàpọ̀ lórí fóònù, kò sì tíì fojú kàn án títí dòní. Ó ti tó oṣù kan géérégé.

"Ìdílẹ̀kẹ̀," ni Sàlímọ́tù wí, orúkọ tó fún mi nígbà tó wọlé wa nìyẹn, "ẹ gbé fóònù sí i létí." Mo gbé e sí i létí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá ń wo àjà.

Ọjọ́bọ̀, 17 Òkítóbà.

Sista Dinah, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wá fún ìgbà kejì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé apá òsì ọpọlọ ló kọlù. "Apá ibẹ̀ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, Suliat. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ o. Ẹ má máa sọ ọ́ lójú rẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan ti jáde lónìí: "Lọ́la." Ó béèrè omi, ó ní lọ́la. Ó fẹ́ tọ̀, ó ní lọ́la. Nígbà tí mo gbé omi fún un dípò ike ìtọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì gbá a dànù.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Òkítóbà.

Òjò látàárọ̀. Màmá ò rí ata gbé lọ sọ́jà.

Ọjọ́rú, 23 Òkítóbà.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé pè láti Ìbàdàn. Àwọn ló ń tẹ ìwé àkàyé tí Bọ̀ọ̀dá ń ya àwòrán fún, ti àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Àwòrán mẹ́rìndínlógún. Bọ̀ọ̀dá ti ya mẹ́sàn-án.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé Bàrúwà wà ńlé? Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń pè é."

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n kẹ́dùn títí. Wọ́n wá ní, "Ogúnjọ́ oṣù Dìsẹ́ńbà ni ìwé gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ. Mo máa ní láti wá ẹlòmíì. Ẹ má bínú."

Bọ̀ọ̀dá gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà bí ìgbà tí wọ́n bá pa fìtílà. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi kọ orúkọ sára mọ́tò àti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù káàkiri Ìpókíà kó tó ra kọ̀ǹpútà yìí. Ìwé yìí ni àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ máa wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹnu mi ló ṣáájú ọgbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ má gbé e fún ẹlòmíì, sà. A máa parí ẹ̀."

"Ta ni 'a'?" ni Màmá bi mí lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Òkítóbà.

Màmá wà lóko. Mo gbé Bọ̀ọ̀dá jókòó, mo fi ìrọ̀rí tì í lápá ọ̀tún kó má baà wó, mo gbé tábìlì kékeré síwájú àwa méjèèjì, mo tan kọ̀ǹpútà.

Àwòrán kẹwàá ló wà lójú ẹ̀, èyí tó ń yà lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú. Bàbá kan ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé nínú òjò. Mo di máòsì mú. Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá náà nìkan ni mo fẹ́ kùn. Búlúù ya bo ojú ọmọ, ó ya bo igi, ó bo táyà kẹ̀kẹ́.

"Lọ́la!" Bọ̀ọ̀dá pariwo. "Lọ́la! Lọ́la!"

Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù. Kọ́ńtírólù àti Z. Búlúù náà pòórá.

Mo wò ó. Òun náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ti àlejò ni. Ọwọ́ náà tún gbéra: Kọ́ńtírólù, Ṣíífìtì, N. Ìlà tuntun kan yọ lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà. Ó fi ìka tọ́ka sí i, ó tọ́ka sí máòsì, ó tọ́ka sí ṣẹ́ẹ̀tì. Mo kùn ún. Ó dúró bíi pé orí bébà tuntun tí a tẹ́ lé àwòrán náà ló wà, kò kan ọmọ, kò kan igi.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ọjọ́ tó ti ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, ọwọ́ ọ̀tún ló ń di máòsì, ọwọ́ òsì kì í kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ti kú, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ òsì mọ̀ ò lọ síbì kankan.

A ṣiṣẹ́ títí bátìrì fi kú. Mi ò tíì rí i kó jẹun tó bó ṣe jẹun lọ́sàn-án yìí.

Ọjọ́bọ̀, 31 Òkítóbà.

Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà fò mí. Léyà ló ń pe àwọn bébà yẹn nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀. Bíi bébà pátánì ni mo ṣe ń rò ó, tó hàn gbangba, tí a tò lé ara wọn: ojú ọ̀run nísàlẹ̀, igi lórí ẹ̀, ènìyàn lórí igi, òjò lórí gbogbo wọn. Kọ́ńtírólù àti J, ẹ̀dà kejì léyà jáde. Kọ́ńtírólù àti E, léyà òkè àti ti abẹ́ rẹ̀ dà pọ̀ di ọ̀kan. Ojú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léyà kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, léyà náà á lọ, tí mo bá tún un tẹ̀, á padà dé.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti bọ́tìnì Ọ́lítì. Òun á tẹ Ọ́lítì mọ́lẹ̀, èmi á fi máòsì tẹ ìlà àárín léyà méjì, ọ̀dà ti òkè ò tún ní kọjá ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Mo lè kun òdòdó àǹkárá láìbẹ̀rù, kò ní jáde kúrò lára ìró. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó fi igun ẹnu kan rẹ́rìn-ín sí mi.

Sista Dinah bá wa níbẹ̀. Wọ́n ní, "Oògùn tí mi ò ní nìyẹn."

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Nòfẹ́ńbà.

Ìjọba ní ọkọ̀ epo kò gbọdọ̀ wọ ìlú kankan tó wà ní ogún kìlómítà sí bọ́dà mọ́. Ilé epo méjèèjì ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà. Lítà kan di irínwó náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ike gbé e. Ọláoyè agẹrun, tí a ti ń gba iná sí kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀, sọ pé wákàtí kan péré ni òun á máa tan jẹnẹrétọ̀ lóòjọ́. Iná ìjọba, a ò rántí ẹ̀ mọ́.

Wákàtí kan iná, ìyẹn bátìrì tó lè ṣiṣẹ́ bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú. Kò sáyè pé kí n máa fi máòsì wá ohun kiri. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Nòfẹ́ńbà.

Mo ba àwòrán kọkànlá jẹ́.

Àná ni. Bátìrì ti fẹ́ kú, ó ti rẹ Bọ̀ọ̀dá, mo gbé e dùbúlẹ̀, mo ní kí n dá parí ẹ̀. Mo tẹ Kọ́ńtírólù àti E nígbà tí léyà tí mo dúró lé kì í ṣe èyí tó yẹ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo wá tọ́jú iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà sì kú. Lónìí tí a ṣí i, ìyá àti ọmọ inú àwòrán ti lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Kò sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́. Kọ́ńtírólù àti Z kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó pa á.

Bọ̀ọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan kan tó padà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu itan ọ̀tún tí kò mọ nǹkan kan, ó lù ú, ó lù ú, títí mo fi di ọwọ́ náà mú.

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé, 18 Nòfẹ́ńbà.

Ó ṣì kọjú sí ògiri. Ẹ̀kọ nìkan ló mu.

Ọjọ́rú, 20 Nòfẹ́ńbà.

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ kọkànlá láti ojú ọ̀run.

Ọjọ́rú, 27 Nòfẹ́ńbà.

Mẹ́tàlá ti pé. Bọ̀ọ̀dá fi ọ̀pá dìde dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ogún. Àpò ìrẹsì ti wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Ìgbógìlà, obìnrin tó wọ mọ́tò láti ibẹ̀ ló sọ ọ́. A ń jẹ ẹ̀bà.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Nòfẹ́ńbà.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọláoyè, mo ń dúró de kọ̀ǹpútà, fóònù mi dún. Ìyá Sàlímọ́tù ni.

"Suliat, ṣé Bàrúwà wà nítòsí rẹ?"

"Rárá, mà. Ó wà ńlé."

"Jókòó."

Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ire kì í ní kéèyàn jókòó.

"Ibà ló mú ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta. A gbé e lọ sọ́sípítù, wọ́n fa omi sí i lára. Àfẹ̀mọ́jú òní ló lọ. Wọ́n ti sin ín."

Mo gbọ́ ohùn Sàlímọ́tù lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ẹkún. Ó ń pe orúkọ ọmọ náà ni, bí ẹni ń pe ọmọ wọlé jẹun.

Ọláoyè pa jẹnẹrétọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà fún mi, ó bá mi rìn dé ìkóríta.

Inú yàrá ìdáná ni mo ti sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n jókòó sórí ọlọ. Lẹ́yìn náà wọ́n di ọwọ́ mi mú, ó sì dùn mí.

"Kò gbọdọ̀ gbọ́. Sista Dinah ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ ga. Tó o bá sọ ọ́ fún un, wàá sin ín tẹ̀lé ọmọ rẹ̀."

"Màmá, Sista Dinah náà ló ní kí á má ṣe é bí ẹni tí kò sí níbẹ̀."

"Sista Dinah ò bí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Dìsẹ́ńbà.

A ti dé àwòrán kẹrìndínlógún. Ó fo kẹrìnlá àti kẹẹ̀ẹ́dógún, eléyìí ló fẹ́ ṣe kọ́kọ́: ìkómọ. Gbogbo ilé ló pé jọ, ìyá gbé ọmọ dání.

Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ṣí fọ́tò tí Sàlímọ́tù fi ránṣẹ́ ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ó gbé e ti ojú kọ̀ǹpútà. Ó tọ́ka sí ọmọ inú fóònù, ó tọ́ka sí ọwọ́ ìyá inú àwòrán.

"Lọ́la," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo yà á. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó ṣí léyà tuntun fún mi, mo fi máòsì fa ìlà iwájú orí rẹ̀ tó yọ síta bíi ti Bọ̀ọ̀dá gan-an. Mo kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti ṣe àṣìṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, Z. Kò jẹ́ kí n fi ohunkóhun sílẹ̀ láìtún un ṣe.

Nígbà tó kù díẹ̀, ó tẹ Ọ́lítì mọ́lẹ̀, ó fi àgbọ̀n júwe fún mi kí n tẹ ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léyà ọmọ náà. Mi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo léyà yòókù lọ lẹ́ẹ̀kan náà: ìyá lọ, bàbá lọ, ilé lọ, àga lọ. Ọmọ náà nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà funfun, kò sí ọwọ́ tó gbé e.

Ó kàn fẹ́ kí n yẹ etí àwòrán ọmọ náà wò ni, bóyá ìlà kan yọ. Mo sọ pé mo fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná. Mo dúró lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ títí ojú mi fi gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 9 Dìsẹ́ńbà.

Ó nawọ́ sí ọ̀nà Ìfọ̀nyìn láàárọ̀ yìí, ó wò mí. "Lọ́la?" Ìbéèrè ni.

"Ara wọn le, Bọ̀ọ̀dá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa."

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí kẹrìnlá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Dìsẹ́ńbà.

Ọyẹ́ dé. Ètè gbogbo wa ti là. Kẹẹ̀ẹ́dógún parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Dìsẹ́ńbà.

Sàlímọ́tù wá.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kadà gbé e gba ọ̀nà igbó, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Bọ̀ọ̀dá wà níwájú ilé, ó di ọ̀pá mú, ó ń kọ́ ẹsẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. A jọ rí i lókèèrè, eruku dé orúnkún rẹ̀, báàgì kan lórí.

Bọ̀ọ̀dá sọ ọ̀pá sílẹ̀. Mo ní kí n dì í mú, ó ti gbé ẹsẹ̀ méjì, òun nìkan. Sàlímọ́tù sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ó dìrọ̀ mọ́ ọn. Bọ̀ọ̀dá wá fi ọwọ́ òsì di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i padà díẹ̀díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn náà, lókè, nísàlẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Nígbà tó ṣe, ó yíjú, ó wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Dìsẹ́ńbà.

Sàlímọ́tù bínú sí Màmá. "Ọmọ òun náà ni, Màmá! Ogúnjọ́ ni mo fi dá a sun, tí bàbá ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbí!" Màmá ní tìtorí ẹ̀mí rẹ̀ ni. Sàlímọ́tù ní òun mọ̀. Àwọn méjèèjì wá jọ sunkún lórí ẹní kan.

Sista Dinah wọn ẹ̀jẹ̀ Bọ̀ọ̀dá. Ó ga, àmọ́ kò ga tó bí a ṣe bẹ̀rù.

Bọ̀ọ̀dá kò wò mí láti ìjẹta. Mo gbé omi ìwẹ̀ fún un, ó dúró de Sàlímọ́tù. Mo ti ń di ẹrù mi. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé pè lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Dìsẹ́ńbà.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó fi orí pè mí.

Sàlímọ́tù ti tan kọ̀ǹpútà. Àwòrán ìkómọ ló wà lójú ẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn wa, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò ni. Ó rọrùn: ìyá náà lè gbé aṣọ dání, tàbí kí n ya ọmọ ẹlòmíì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ foríjì mí." Kò wò mí. "Ṣé kí n yọ ọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ó fi ìka tọ́ka sí léyà ọmọ náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wá na ọwọ́ òsì kọjá sí apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, ibi tí kì í sábà dé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ Kọ́ńtírólù tó wà níbẹ̀, ó wá ọmọ ìka kan jáde, ó tẹ ìlà dídagun tó wà lókè rẹ̀. Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Àgádágodo kékeré kan yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ léyà náà.

Mo fi máòsì fa búrọ́ọ̀ṣì kọjá lójú rẹ̀ láti dán an wò. Kò gbà. Ohunkóhun tí ọwọ́ mi ì báà ṣe, kò sí ohun tó lè kàn án mọ́.

Ìgbà yẹn ló wò mí. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí mi, ó sì wúwo.

Bátìrì ti ń lọ. A ṣe ìyókù kíá: òjìji àga, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá bàbá, omi inú abọ́. Mo ti fẹ́ tọ́jú ẹ̀ nígbà tí Sàlímọ́tù sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. Bọ̀ọ̀dá ni ó ń bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

"Ẹ ti fi ṣọ́ọ̀lù dì í jù. Kì í fẹ́ kí á bo ẹsẹ̀ òun. Tí mo bá bò ó báyìí, á ta á dànù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, bíi tiyín."

Bọ̀ọ̀dá tẹ Kọ́ńtírólù, Ṣíífìtì, N. Léyà tuntun ṣí lókè ti ọmọ náà.

Mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síta.